Wọ́n bí ọmọ mi ní 2021, wáìnì wo ni kí n tọ́jú dè é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Oṣù kẹrin ọdún 2021 la bí ọmọ wa ọkùnrin, mo sì tún ti lóyún báyìí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n bí òun, bàbá òun ra wáìnì ọdún náà pamọ́ (ọdún tí wọ́n kórè àjàrà rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sára ìgò), ọjọ́ tí òun pé ọmọ ọdún 21 ni wọ́n tó ṣí i. Ọ̀rọ̀ náà wù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó bá mi yan ti Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, ó ní 2021 kò dára níbẹ̀, kí n kúkú ra 2022. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ yín. Èwo ni kí n rà? Níbo ni kí n gbé e sí? Ṣé ó burú bí ọdún ara ìgò bá yàtọ̀ sí ọdún ọmọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, lórúkọ Jésù. Ibi tí ìbéèrè yín parí sí ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ká mi lára jù. Ẹ má ra 2022 fún ọmọ 2021. Ọmọ náà á mọ̀wé, á ka ohun tó wà lára ìgò, á sì bi yín léèrè.

Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ nípa Bordeaux. Oṣù tí ẹ bímọ yẹn gan-an ni òtútù líle jà káàkiri oko àjàrà ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn tí igi ti rúwé, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọ̀mùnú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ìgbà tó yẹ kí oòrùn mú, òjò ló ń rọ̀, àrùn ewé sì wọ oko. Wáìnì pupa tó jáde níbẹ̀ lọ́dún náà fúyẹ́. Ó ṣeé mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ogún ọdún dúró dè.

Àmọ́ Bordeaux nìkan kọ́ ni àjàrà ti ń so. Ní Piedmont, lápá àríwá Ítálì, 2021 dára gan-an fún Barolo, wáìnì pupa ibẹ̀. Òfin wọn ni pé Barolo gbọ́dọ̀ lo oṣù 38 lẹ́yìn ìkórè kí ó tó dé ọjà, oṣù 18 ó kéré tán nínú àgbá onígi. Ìdí nìyẹn tí ti 2021 fi jẹ́ pé 2025 ló tó dé orí àtẹ. Ẹ ò tíì pẹ́ rárá. Bí ó bá ṣì jẹ́ tuntun, ó máa ń le lẹ́nu, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ èèyàn láhọ́n. Líle yẹn ló ń jẹ́ kí ó lè pẹ́. Riesling aládùn, wáìnì funfun ti Jámánì, náà dára lọ́dún yẹn. Kíkan inú rẹ̀ pọ̀, kíkan àti ṣúgà ló sì ń pa á mọ́. Ti Napa ní Kalifọ́níà dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, mi ò ní tàn yín. Bí ó bá jẹ́ èmi, Barolo ni màá rà.

Ti oyún inú yín, ẹ̀yin ò béèrè, ṣùgbọ́n òun gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọmọbìnrin mi àgbà, 2007 la bí i. Wáìnì pupa Bordeaux kò fi bẹ́ẹ̀ dára lọ́dún yẹn náà, ṣùgbọ́n ní àfonífojì odò Douro ní ilẹ̀ Potogí, nǹkan ṣẹnuure. Àwọn ilé tó ń ṣe Port, wáìnì aládùn tó le, níbẹ̀ kì í kéde gbogbo ọdún. Bí ẹ̀ẹ̀mẹta péré láàárín ọdún mẹ́wàá ni wọ́n máa ń sọ pé ọdún báyìí yẹ kó dá dúró lára ìgò. Ọ̀pọ̀ wọn kéde 2007. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí wáìnì ló ta wá lólobó nígbà tó jáde ní 2009, a sì ra páálí kan. Owó wà lọ́wọ́ díẹ̀ nígbà náà. Ìyá ọkọ mi ti wá fún ìkómọ rẹ̀, ó ti gbé oyin, obì, orógbó àti atare wá láti Ìjẹ̀bú, ó fi òrí pa ọmọ lára, ó na ọwọ́, ó na ẹsẹ̀, ó sì wà lọ́dọ̀ wa títí ọmọ fi ń rìn. Lẹ́yìn náà, ó tún ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́nu Màmá ni ọmọbìnrin mi ti gbọ́ Yorùbá.

Ní 2013 la bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Lásìkò yẹn, gbogbo owó tó ń wọlé, ìdí ìwé ìgbélùú ló ń lọ: tèmi, ti ọkọ mi, ti ọmọ, ti lọ́yà. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ irú ìwé yẹn rí kò ní bi wá léèrè ìdí tí a ò fi ra wáìnì. Wọn ò sì fún Màmá ní físà lọ́tẹ̀ yìí. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Màmá ń wúre lọ́wọ́, nẹ́tíwọ̀kì já. Nígbà tí a fi rí wọn pè padà, àwọn àlejò ti ń jẹun. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, Màmá ti lọ. Wọn ò fojú kan ara wọn rí.

Ní 2025 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọmọ ọdún 18. Ilé la ti ṣe é. A ti gbé ìgò dúró láti ọjọ́ tó ṣáájú kí ó lè tòrò, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi yẹn ló ṣí i, ó rọra dà á sínú ìgò mìíràn, ó dúró, ó ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn bí ọdún 2007 ṣe rí ní Douro. Gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Ni àǹtí kan bá ní, ‘Ti àbúrò ńkọ́?’ Ọ̀gbẹ́ni náà, láìní ẹ̀tanú kankan nínú, ní, ‘Ti 2013? Ọdún yẹn ò dára. Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú 2013.’

Àjàrà ló ń sọ. Ọmọ mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbé puff-puff kiri fún àlejò. Ó gbé tíréè kalẹ̀, ó yíjú sí mi, ó bi mí lédè òyìnbó pé ṣé torí pé ọdún òun ò dára ni a ò fi ra nǹkan kan fún òun.

Kò bínú, kò sunkún. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Kí n tó lanu, àwọn àgbà ti bo ọmọ, wọ́n ń dà àdúrà lé e lórí: ọdún rẹ dára, ìwọ lo mú ire wọlé fún wa, orí rẹ á sìn ọ́ lọ. Ó dúró láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí àdúrà tí kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé tíréè rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Mi ò lè sọ pé nǹkan kan ṣe é. Ó ń jẹun, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí àwọn jọ pín ìgò tó kù, ó ní rárá, ó ṣeun. Nígbà tí ọjọ́ ìbí tirẹ̀ náà dé, ó ní ká má pe ẹnikẹ́ni. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan. Ọkọ mi ní mo ń rò ó jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà sọ fún mi pé a fẹ́ràn ọmọ kan ju ọmọ kan lọ. Ìwé tí a fi ọdún 2013 lé ni ọmọ náà fi ń gbé ìlú yìí lónìí tí ẹnìkan ò lè lé e. Ìyẹn ni ohun tí a rà fún un, kò kàn sí nínú ìgò ni. Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo àsìkò yẹn, à ń san owó ìpamọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ní kí n ṣàlàyé èyí, mi ò ní àlàyé.

Mo lọ wádìí. Ọdún 2013 tí wọ́n ní kò dára, wáìnì pupa Bordeaux ni wọ́n ń wí. Òtútù pọ̀ nígbà tí àjàrà yẹ kó yọ òdòdó, èso ò so tó, òjò sì mú èyí tó so jẹrà. Ṣùgbọ́n ní Sauternes, tí kò jìnnà sí ìlú Bordeaux, ọ̀rinrin ni wọ́n ń wá. Odò Ciron tó tutù ń ṣàn wọnú Garonne níbẹ̀, ìkùukùu á bo oko láàárọ̀, oòrùn á mú lọ́sàn-án. Àjàrà á bu lára, omi inú rẹ̀ á dínkù, adùn á kù síbẹ̀. Wọ́n ṣe wáìnì aládùn tó dára níbẹ̀ ní 2013, irú èyí tó lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Mo ra díẹ̀, mo pè é jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó ka ọdún tó wà lára ìgò, ó ní kò burú. Mi ò mọ̀ bóyá ó wọlé sí i lára. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni mo rà á, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìpamọ́, ẹ má gbé e sílé. Ilé tí wọ́n ń fi hítà mú gbóná láti oṣù kẹwàá kò bá wáìnì mu. Ibi tó ń fẹ́ ni ibi tó ṣókùnkùn, tí kì í mì, tí òtútù rẹ̀ dúró sójú kan bíi 12 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ìgò sì dùbúlẹ̀ kí ìdérí rẹ̀ má baà gbẹ. Ẹ sọ fún ẹni tó tà á pé ẹ fẹ́ ẹ in bond, kí wọ́n gbé e sí ilé-ìpamọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní san owó orí ọtí àti VAT, tó jẹ́ 20 nínú 100, àyàfi ọjọ́ tí ẹ bá kó o jáde. Ẹ rí i dájú pé orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀ ní ilé-ìpamọ́ náà, kì í ṣe orúkọ ẹni tó tà á, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Bí Alhaji tàbí Alhaja bá wà láàárín àwọn òbí yín, ẹ fi tó wọn létí kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Fún ọmọ inú, a ò tíì mọ bí ọdún rẹ̀ á ṣe rí níbì kankan. Port kì í wọ ìgò títí di bí ọdún méjì lẹ́yìn ìkórè, Barolo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá sanwó ti ẹ̀gbọ́n, ẹ ya iye kan náà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà, kí orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ wà lórí ìwé kan. Ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ fún yín pé ọdún rẹ̀ dára. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ físà Màmá yín nísinsìnyí, kí ikùn tó yọ. Bí ẹ bá rí Barolo náà, ẹ fi orúkọ ilé tó ṣe é àti iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó, màá fi han ọ̀rẹ́ ọkọ mi.