Plugin ààbò kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ plugin nulled tí o fọwọ́ ara rẹ gbé wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó wa. Kétu ni mo wà, WordPress, irinṣẹ́ ìkọ́ ìkànnì, ni mo fi ń ṣe ìkànnì fún àwọn iléèwé àti àwọn oníṣòwò. Mẹ́ta nínú àwọn ìkànnì tí mo ṣe ló ń gbé èèyàn lọ sí ojú ìwé tẹ́tẹ́ tí wọ́n bá fi fóònù ṣí i. Mo ti fi Wordfence sí i, plugin ààbò kan (plugin ni àfikún tó ń fún WordPress ní iṣẹ́ tuntun), mo ti yí mot de passe (ọ̀rọ̀ ìwọlé) padà, ó mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà dé. Plugin ààbò wo ló lágbára jù? Níbo ni mo sì ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa láìnáwó púpọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé thème (àfikún tó ń pinnu ìrísí ìkànnì) ló fà á. Orí ìkànnì kan ṣoṣo ni mo ti lo thème Pro (irú èyí tí wọ́n ń tà) tí mo gbà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, gbólóhùn tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Mi ò ní dárúkọ plugin ààbò tó lágbára jù fún ọ. Kò sí èyí tó lè ṣe ohun tí o fẹ́ kó ṣe. Thème Pro tí o gbà lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní nulled (ohun títà tí wọ́n já láísẹ́ǹsì rẹ̀), ni kí o kọ́kọ́ fura sí, kí o tó fura sí ẹlòmíì.

Irú lẹ́tà yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí lemọ́lemọ́, láti Ṣábẹ̀ẹ́, láti Kétu, láti inú ìgboro wa náà. Orúkọ ìkànnì máa ń yàtọ̀, ìtàn kì í yàtọ̀. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tàbí Telegram pín zip kan (fáìlì tí wọ́n dì pọ̀), ó ní Pro ni, ó ní kò sówó. Àwọn mìíràn tún ń tà á fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á pe ara wọn ní formateur (olùkọ́). Inú ń bí mi sí wọn gidigidi, torí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá iléèwé bá pè ọ́ pé tẹ́tẹ́ ni àwọn òbí ń rí lórí ìkànnì òun.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan di nulled. Plugin tàbí thème tí wọ́n ń tà máa ń béèrè kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ, á sì bá sáfà (kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ẹni tó ṣe é sọ̀rọ̀ kó lè mọ̀ bóyá o ti sanwó. Ẹni tó bá fẹ́ já a gbọ́dọ̀ ṣí kóòdù náà, kó yọ ibi tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ kúrò, kó sì tún un dì sí zip. Ẹni tó ti ṣí i láti yọ ìlà mẹ́wàá lè fi ìlà méjì kún un, ìwọ kò sì ní mọ̀. Bi ara rẹ léèrè: kí ló ń mú kí èèyàn jókòó ṣe iṣẹ́ yìí, kó tún máa san owó hébergement (àyè tí ìkànnì ń gbé lórí sáfà) fún ibi tó ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́? Orí ìkànnì àwọn oníbàárà rẹ ni èrè rẹ̀ wà. Ó ń darí àwọn tó ń wọ ibẹ̀ lọ síbi tẹ́tẹ́, ó ń fi ìjápọ̀ pamọ́ sínú ojú ìwé kí Google lè gbé ọjà rẹ̀ ga, ó sì ń gba orí sáfà rẹ fi lẹ́tà jìbìtì ránṣẹ́.

Láti ọdún 2017 ni a ti mọ ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní WP-VCD. Inú thème àti plugin nulled ló ń gbà wọlé. Bí o bá ti tẹ Activer (bọ́tìnì tó ń mú un ṣiṣẹ́), á fi fáìlì kan tó ń jẹ́ wp-vcd.php sínú fódà wp-includes, á kọ kóòdù tirẹ̀ sínú functions.php àwọn thème tó bá bá níbẹ̀, títí kan èyí tí o kò lò rí. Lẹ́yìn náà ni á wá àwọn ìkànnì mìíràn tó wà lórí hébergement kan náà, á sì ràn wọ́n. Ìwọ náà wò ó. O ní orí ìkànnì kan ṣoṣo ni o ti lo thème yẹn, mẹ́ta ló sì ń ṣàìsàn. Ṣé inú compte hébergement kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, o ti rí ìdí tó fi ń padà wá: bí o ṣe ń fọ ọ̀kan, èkejì ń tún un kó. Mi ò sọ pé WP-VCD gan-an ló kọlù ọ́ o, mi ò tíì rí sáfà rẹ. Ọ̀pọ̀ mìíràn ló wà tó ń hu irú ìwà yìí.

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa” tí o sọ yẹn kò sì jẹ́ ẹ̀rí kankan. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, torí tí kò bá ṣiṣẹ́ o máa yọ ọ́ kúrò. Irú kóòdù bẹ́ẹ̀ máa ń wo ẹni tó wọlé kó tó ṣe ohunkóhun. Bó bá jẹ́ ìwọ alákòóso tó ti tẹ mot de passe wọlé ni, kò ní ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìyá ọmọ kan tó ń ti Google bọ̀ pẹ̀lú fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni, á gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń fẹjọ́ sùn, tí ìwọ wò ó lórí kọ̀ǹpútà rẹ tí o kò rí nǹkan kan. Fóònù ẹlòmíì ni kí o fi dán an wò, láìwọlé bí alákòóso, kí o sì gba orí Google wọ ibẹ̀.

Ó wá ku Wordfence. Plugin gidi ni, mi ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Àmọ́ kò sí ògiri kankan láàárín plugin kan àti èkejì nínú WordPress. Gbogbo wọn ló ń lo agbára kan náà: wọ́n lè ka wp-config.php níbi tí mot de passe ìpìlẹ̀ dátà (ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìkànnì wà) wà, wọ́n lè dá alákòóso tuntun sílẹ̀, wọ́n lè pa plugin mìíràn rẹ́. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tí o fi ọwọ́ ara rẹ tẹ Activer fún ti di ará ilé. Bákan náà, tí Wordfence bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáìlì kan ti yí padà, ṣe ló máa ń fi í wé ẹ̀dà tó wà lórí wordpress.org. Plugin tí wọ́n ń tà kò sí níbẹ̀, kò rí ohun tó máa fi wé. Àwọn òfin tuntun tó fi ń dá kóòdù burúkú mọ̀ sì máa ń pẹ́ ní ọjọ́ 30 kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sanwó. Nítorí náà, má fi plugin ààbò keji lé èkíní lórí. Ìkànnì rẹ á kàn wúwo ni, olè á ṣì wà nínú ilé.

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé láísẹ́ǹsì GPL ni WordPress ń lò láti ọdún 2003 tí Matt Mullenweg àti Mike Little ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ló láṣẹ láti pín kóòdù rẹ̀, nítorí náà nulled kì í ṣe olè jíjà. Ìdajì òótọ́ ni. GPL fúnni láṣẹ láti pín kóòdù lóòótọ́, ọ̀pọ̀ plugin Pro náà ló sì ń lò ó. Kò sọ pé zip tí o gbà lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀ mọ́ tónítóní. Kò fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, kò sì fún ọ ní mise à jour (àtúnṣe ẹ̀yà tuntun). Bí wọ́n bá rí ihò nínú plugin náà lónìí, ẹni tó sanwó á rí àtúnṣe gbà, ìwọ á dúró pẹ̀lú ihò tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ní ti òfin fúnra rẹ̀, èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ ààbò ni mò ń sọ.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi nìyí, ṣùgbọ́n mú ẹ̀dà gbogbo nǹkan sílẹ̀ kúrò lórí sáfà kí o tó fọwọ́ kan fáìlì kankan, torí tí nǹkan bá bàjẹ́ mi ò sí ní Kétu láti bá ọ tún un ṣe. Pe àwọn oníbàárà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sọ òótọ́ fún wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí o wẹ̀ pọ̀, má ṣe ọ̀kan lónìí kí o fi ìyókù di ọ̀la. Kó gbogbo fódà plugins àti themes dànù, kí o tún wọn gbé wọlé láti wordpress.org tàbí láti ọwọ́ ẹni tó ń tà wọ́n gan-an. Fi wp-admin àti wp-includes tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Wo inú wp-content/uploads: àwòrán àti ìwé ló yẹ kó wà níbẹ̀, fáìlì PHP (èdè kóòdù tí wọ́n fi kọ WordPress) èyíkéyìí tí o bá rí níbẹ̀, fura sí i. Wo mu-plugins náà, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: ohun tó bá wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì ní bọ́tìnì tí o lè fi pa á. Gba inú phpMyAdmin (irinṣẹ́ tó ń ṣí ìpìlẹ̀ dátà) wo táblì wp_users, torí kóòdù burúkú lè fi orúkọ alákòóso kan pamọ́ kúrò lójú rẹ nínú WordPress, ṣùgbọ́n kò lè fi pamọ́ níbẹ̀. Tí hébergeur rẹ (ẹni tó ń fún ọ ní hébergement) bá ní WP-CLI (irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ fún WordPress), àṣẹ “wp core verify-checksums” á sọ fáìlì WordPress tó ti yí padà fún ọ. Lẹ́yìn èyí ni kí o tó yí mot de passe padà, ti hébergement, ti FTP (ọ̀nà tí a fi ń gbé fáìlì lọ sórí sáfà), ti ìpìlẹ̀ dátà, ti gbogbo alákòóso, kí o sì pààrọ̀ àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú wp-config.php kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé lè bọ́ síta. Tó o bá yí mot de passe nígbà tí kóòdù olè ṣì wà níbẹ̀, o fún un ní tuntun ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn.

Bí Google bá ti fi ojú ìwé ìkìlọ̀ pupa sí orí ìkànnì náà, Google Search Console ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àyẹ̀wò tuntun, lẹ́yìn tí o bá ti wẹ̀ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ iléèwé yẹn tún kan mi lọ́kàn. Tí orúkọ àwọn ọmọ àti nọ́ńbà àwọn òbí bá wà lórí ìkànnì náà, dátà èèyàn ni, Code du numérique ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ (Loi n° 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018) sì ní ohun tó sọ nípa rẹ̀. APDP ni iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Sọ fún ọ̀gá iléèwé kó béèrè lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Má fi ìmọ̀ràn tèmi rọ́pò tiwọn.

Ní ti irinṣẹ́, díẹ̀ tó. Plugin UpdraftPlus ọ̀fẹ́ lè máa fi ẹ̀dà ìkànnì ránṣẹ́ sí Google Drive. Gbìyànjú láti dá ọ̀kan padà kí ewu tó dé, torí ẹ̀dà tí o kò dán wò rí kò dá ọ lójú. Ṣí mise à jour aládàáṣiṣẹ́ fún plugin àti thème, ó ti wà nínú WordPress láti ẹ̀yà 5.5 ti ọdún 2020. Béèrè ẹ̀yà PHP tí hébergeur rẹ ń lò: wọ́n ti dẹ́kun títún PHP 7.4 ṣe láti oṣù kọkànlá 2022. Fi ìdánimọ̀ ẹlẹ́ẹ̀mejì (kóòdù kejì lẹ́yìn mot de passe) sí orí gbogbo alákòóso. Lékè gbogbo rẹ̀, oníbàárà kan, compte hébergement kan. Má kó wọn pọ̀ mọ́.

Níbi ìkẹ́kọ̀ọ́, learn.wordpress.org jẹ́ ọ̀fẹ́. OpenClassrooms ní ẹ̀kọ́ HTML, CSS àti PHP ní Faransé, MDN, ìkànnì ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń ṣe ìkànnì, náà ní ojú ìwé Faransé tó dára. Gbé Local tàbí XAMPP sórí kọ̀ǹpútà rẹ kí o máa kọ́ ìkànnì níbẹ̀: dátà íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ kò ní jó tán, bí ohun gbogbo bá sì bàjẹ́, ìwọ nìkan ló mọ̀. Kọ́ PHP débi tí o fi lè ṣí functions.php kí o mọ ìlà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ yẹn wúlò fún ọ ju plugin ààbò mẹ́wàá lọ.

Mo mọ̀ pé owó ló mú ọ lo nulled, mi ò fi ìyẹn bú ọ. Ṣùgbọ́n iléèwé ní Kétu kò nílò Pro kankan. Láti ẹ̀yà 5.0, ní oṣù kejìlá 2018, WordPress ti ní éditeur oníblọ́ọ̀kù tirẹ̀ (ibi tí a ti ń to ojú ìwé pọ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan), thème ọ̀fẹ́ orí wordpress.org sì tó láti fi ṣe ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀, àwòrán ọgbà àti ìròyìn. Àwọn olùyọ̀ǹda ló ń yẹ plugin wò kó tó wọ ibẹ̀. Wọn kì í rí gbogbo àṣìṣe, ṣùgbọ́n o mọ ẹni tó ṣe é, àtúnṣe sì ń dé. Bí oníbàárà bá fi dandan béèrè ohun tí Pro nìkan lè ṣe, kọ owó láísẹ́ǹsì náà sínú devis (ìwé iye owó iṣẹ́), ní orúkọ oníbàárà, pẹ̀lú iye tí yóò máa san lọ́dọọdún. Bí kò bá fẹ́ san án, sọ fún un pé kò ní rí i.

Tí o bá ti wẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán tí ó tún padà, fi orúkọ fáìlì tí o bá bá nínú mu-plugins àti uploads ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ẹ̀yà PHP àti àkójọ plugin tó kù. Má fi mot de passe kankan ránṣẹ́.