Kí ló dé tí Iléyá fi sá kúrò lọ́jọ́ ìbí àwọn ìbejì mi?

Àsàlámù àléékúmù, ẹ̀yin òbí. London ni à ń gbé. Ọjọ́ Iléyá 2017, tí í ṣe ọjọ́ 1 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ni mo bí àwọn ìbejì mi. Ìyá mi ní Abẹ́òkúta ṣì ń pè wọ́n ní ọmọ Iléyá. Wọ́n ti di ọmọ ọdún 8 báyìí, Kẹ́yìndé sì dúró síwájú kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí Iléyá fi sá kúrò lọ́jọ́ ìbí wa?" Mo ní òṣùpá ni. Ó ní kí ni òṣùpá ṣe é? Mi ò rí èsì fọ̀. Ìtúnu ààwẹ̀ 2025 tún wá dá kún un: ìyá mi lọ sí yídì lọ́jọ́ Àìkú, ìdílé ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ mi ṣe tiwọn lọ́jọ́ Ajé, iléèwé sì ń bi mí pé èwo gan-an lọjọ́ ọdún. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí dàgbà kí wọ́n máa rò pé àwọn Mùsùlùmí kò mọ ọjọ́ kà. Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún tiyín?

Ìyá Ìbejì


Wàléékúmù sàlámù, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á wò wọ́n, á dá wọn sí. Ọmọ mẹ́ta lèmi àti ìyá wọn ń tọ́ ní Manchester níbí, àkọ́bí wa Sàlímátù sì ti da irú ìbéèrè yìí bò mí rí.

Ẹ sọ fún Kẹ́yìndé pé Iléyá kò sá. Ọjọ́ 10 oṣù Dhul-Hijjah ni, oṣù tó kẹ́yìn nínú Hijira, kàlẹ́ńdà òṣùpá àwa Mùsùlùmí, kò sì fìgbà kan kúrò níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ni kì í bá òṣùpá rìn. Èdè wa ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìwó, tí àwọn àgbà bá ti pariwo pé "oṣù ti lé!", kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá ti ojú ọ̀run ni tàbí ti kàlẹ́ńdà. Ọ̀kan náà ni. Ohun tó lé lókè la fi ń ka ọjọ́ nílẹ̀.

Bí oṣù bá lé lónìí, ó máa tó nǹkan bí ọjọ́ 29 àbọ̀ kí òmíràn tó lé. A kò lè gba ààwẹ̀ àbọ̀ ọjọ́, nítorí náà oṣù kan lè jẹ́ 29, òmíràn a jẹ́ 30. Kì í jẹ́ 28, kì í sì í jẹ́ 31. Bí méjìlá bá pé, ọjọ́ 354 tàbí 355 ni. Ọdún tí iléèwé ń kà jẹ́ 365 tàbí 366. Ọjọ́ bíi 11 tó fi dín yẹn ni Iléyá fi ń rìn padà lára kàlẹ́ńdà yín lọ́dọọdún.

Ẹ fún un ní bírò kó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe Iléyá ní Sáúdì nìyí látìgbà tí ẹ bí wọn: 2017, Sẹ̀tẹ́ńbà 1, 2018, Ọ́gọ́ọ̀sì 21, 2019, Ọ́gọ́ọ̀sì 11, 2020, Júláì 31, 2021, Júláì 20, 2022, Júláì 9, 2023, Júùnù 28, 2024, Júùnù 16, 2025, Júùnù 6. Kó ka iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi padà sẹ́yìn sí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, yóò rí 10, 11 tàbí 12. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ èyí tí inú ọmọ máa ń dùn sí: nínú ìkà Hijira, ọjọ́ Iléyá 2025 ni wọ́n pé ọdún 8, ó ku bí oṣù mẹ́ta kí ti iléèwé tó pé. Nígbà tí Iléyá bá tún padà bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà, ní 2049, bí Ọlọ́run bá fẹ́, wọn yóò jẹ́ ẹni ọdún 32 lọ́dọ̀ ìjọba, ẹni ọdún 33 lọ́dọ̀ òṣùpá.

Ó lè bèèrè pé ṣe bí wọ́n lè fi oṣù kan kún un kó má baà máa yẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ṣe bẹ́ẹ̀ kí Ìsìláàmù tó dé, wọ́n ń sún oṣù síwá sẹ́yìn bó ṣe wù wọ́n. Al-Kùránì ló dá a dúró, nínú Súrà At-Taobah, ẹsẹ 36 àti 37: oṣù méjìlá ni, ó parí. Àwọn baba wa náà ní òṣùpá lé, ẹ ní kò gún, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe.

Ọgbọ́n tó wà nínú yíyípo yìí kò yé mi títí mo fi dé ìlú yìí. Nílé, bí ààwẹ̀ bọ́ sí ìgbà òjò tàbí ìgbà ọyẹ́, ọjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ara wọn lọ, bíi wákàtí 12 náà ni. Ní 2015, Rámádánì bẹ̀rẹ̀ ní Júùnù 18. Ní Manchester, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ó lé ogójì ìṣẹ́jú. Ààwẹ̀ tó wákàtí 18 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń ṣínu, tí a kí ìrun àṣámù tán, sààrì ti dé. Mo sunkún lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Dìsẹ́ńbà 2030 kò ní í ju bíi wákàtí 10 lọ níbí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. (Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rámádánì yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, ní Jánúárì àti ní Dìsẹ́ńbà.) Ká ní wọ́n kan oṣù náà mọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, àwa ni a ó máa gba èyí tó gùn títí ayé, àwọn ará Ọsirélíà a máa gba kúkúrú. Báyìí, kálukú ló ń kàn.

Ti ọjọ́ méjì yẹn, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ní kí a rí oṣù ká tó gba ààwẹ̀, kí a rí i ká tó túnu. Bí ìkùukùu bá bò ó, kí a ka Ṣààbánì, oṣù tó ṣáájú Rámádánì, pé 30. Ọ̀run ò sì rí bákan náà níbi gbogbo lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Láti ìgbà àwọn Sàábé, àwọn tó bá Ànábì gbé ayé, ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kuraib rin ìrìn àjò lọ sí Ṣáàmù (ìhà Síríà), wọ́n rí oṣù níbẹ̀ ní òru Jímọ̀. Nígbà tó padà dé Mẹ̀dínà, Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn Sàábé, ní òru Sátidé làwọn rí tàwọn, àwọn ó sì gba ààwẹ̀ àwọn títí yóò fi pé 30 tàbí tí oṣù bá tún lé. Kuraib bi í pé ṣé rírí ti Mu'awiya, olórí Ṣáàmù nígbà náà, kò tó? Ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ṣe pa á láṣẹ. Àwọn àlùfáà kan di èyí mú, àwọn kan sì ní bí a bá ti rí i níbì kan, ó kárí gbogbo ayé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ti gbà pé kí a kàn fi ìṣirò mọ ọjọ́ tí oṣù máa lé. Fún ìtúnu 2025, Sáúdì kéde Máàṣì 30, Sultan Sókótó náà kéde rẹ̀ fún Nàìjíríà, Mòrókò ṣe tiwọn ní Máàṣì 31. Èyí tí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì bá tẹ̀ lé ló pín yín.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yan mọ́ṣáláṣí kan, ohun tí ìmáámù ibẹ̀ bá sọ ni kí ẹ ṣe. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ pẹ̀lú àwọn kan kí ẹ wá túnu pẹ̀lú àwọn mìíràn tórí ọjọ́ ìsinmi. Ẹ kọ̀wé sí iléèwé ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ méjèèjì, kí ẹ ní alẹ́ tó ṣáájú ni ẹ ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Tiwa máa ń gbà á.

Ní ọjọ́ 29 Ṣààbánì tó ń bọ̀, bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ kó wọn jáde, ìwọ̀ oòrùn ni kí wọ́n kọjú sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti Mọ̀gàríbì, kò dúró de aago méjìlá òru. Òṣùpá náà á tín-ín-rín bí irun, kì í sì í pẹ́ wọ̀. Ọdún mẹ́ta ni Sàlímátù fi wo ìkùukùu lásán kó tó rí i lókè òrùlé aládùúgbò wa, ó kígbe mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná. Bí Kẹ́yìndé bá rí tiẹ̀, ẹ fún un ní fóònù kó pe ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, kó sọ fún wọn pé oṣù ti lé.

Bàbá Sàlímátù, Manchester