Dẹ́kì tó jóná tí kò wó: ẹ má tíì kó ọjà padà sí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu iná. Ọlọ́run á dá gbogbo ohun tó bá a lọ padà fún yín. Ẹ ní bíìmù onírin ló gbé dẹ́kì ṣọ́ọ̀bù yín ní Ọ̀yọ́, pé páànù ló wà lábẹ́ kọ̀ǹkéré, pé àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ ṣùgbọ́n kò wó, bíríkìlà sì ní kí ẹ rẹ́ ẹ, kí ẹ kùn ún, kí ẹ máa tajà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wẹ́dà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti bá wọn gbé irú dẹ́kì bẹ́ẹ̀ ró, mo sì ti bá wọn tú èyí tó jóná.

Kí iná tó dé, bíìmù àti kọ̀ǹkéré jọ ń gbé ẹrù ni, nítorí àwọn irin kúkúrú tí a jó mọ́ orí bíìmù, tí kọ̀ǹkéré sì bò mọ́lẹ̀. Iná dé, irin ló kọ́kọ́ rọ. Tó bá gbóná dé 600°C, agbára rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́. Tó bá dé 800°C, á ku bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Páànù abẹ́ á ṣí kúrò lára kọ̀ǹkéré. Gbogbo ẹrù á wá bọ́ sọ́rùn wáyà BRC, ìyẹn àwọ̀n irin tó wà nínú kọ̀ǹkéré. Àárín dẹ́kì á rọ̀ wálẹ̀, wáyà á le tantan bí aṣọ tí wọ́n dì mú yíká, kọ̀ǹkéré etí rẹ̀ á sì fún mọ́ra, kò ní jẹ́ kí wáyà fà wọnú. Títẹ̀ tí dẹ́kì yín tẹ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó wó.

Àwọn òyìnbó dán an wò ní Cardington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1995 sí 1996, nínú ilé alájà mẹ́jọ tí wọ́n dìídì kọ́ fún un. Bíìmù tí wọn kò fi nǹkan kan bò gbóná ju 1,000°C lọ, dẹ́kì tẹ̀ gan-an, kò sì wó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ń tutù, àwọn ibi kan tí bíìmù ti so mọ́ra ya. Irin tó gbóná a máa gùn. Tí kò bá ráyè, á rún. Tó bá wá ń tutù, á súnkì, á sì máa fi gbogbo agbára fa ibi tí wọ́n dè é mọ́.

Ohun tí mo fojú rí náà nìyẹn. Wọ́n pè mí sí ilé ìkẹ́rùsí kan níbí lẹ́yìn tí iná ti kú. Àárín dẹ́kì ni gbogbo èèyàn ń wò. Mo gbé àkàbà lọ sí ìdí òpó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha dúdú èéfín kúrò. Irin pẹlẹbẹ tó so bíìmù mọ́ òpó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìka mi sì ń wọlé síbẹ̀. Bóòtù ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó dì í mú. Lórí dẹ́kì ọ̀hún, wọ́n ti to àpò sìmẹ́ǹtì! Àyà mi já.

Ọwọ́ kékeré kọ́ ni ká fi mú ọ̀rọ̀ oríkèé bíìmù. WTC 7, ọ̀kan nínú àwọn ilé World Trade Center ní New York, alájà 47, ọkọ̀ òfurufú kò kàn án ní September 11, 2001. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó jáde ní 2008 sọ pé iná ló mú kí àwọn bíìmù dẹ́kì gùn, tí wọ́n ti bíìmù ńlá kan kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, ilé sì wó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Wáyà BRC yín náà ń kọ́? Tútù ni wọ́n fi fà á nílé iṣẹ́. Tí iná bá mú un dáadáa, agbára tó sọ nù kì í padà tán bó tilẹ̀ tutù. Ẹ pe ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kó fọ́ ojú kékeré lára kọ̀ǹkéré níbi tí wáyà kan ti gun èkejì, kó wò ó bóyá wọ́n gun ara wọn tó. Bí kọ̀ǹkéré bá ti pọ́n lábẹ́, kó kàn án wò pẹ̀lú.

Kó tó dé, ẹ fi òpó ìtì gbé ìdí àwọn bíìmù, ẹ má jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ kankan sùn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tí bíìmù ti pàdé òpó fún mi, kì í ṣe ti àárín.