Èsì: Ìdí tí Ford fi sọ owó iṣẹ́ òòjọ́ di dọ́là 5

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé àánú ló mú Henry Ford fi dọ́là 5 san owó iṣẹ́ òòjọ́ ní 1914. Ní tèmi, rárá o. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń sá fún iṣẹ́ náà.

1903 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford sílẹ̀ ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Model T sì jáde ní 1908. Àmọ́ 1913 ni gbogbo nǹkan yí padà ní Highland Park, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń to magneto, ìyẹn ẹ̀yà tó ń pèsè iná fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló sì ń gbà á. Wọ́n wá pín in fún èèyàn 29: ẹnì kan á ki bóòtù bọ ihò, ẹlòmíràn á dè é, á sì tì í sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ó di ìṣẹ́jú 13. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí méjìlá àtààbọ̀ di wákàtí kan àtààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló lè máa dè bóòtù kan náà láti àárọ̀ dalẹ́? Ṣe ni wọ́n ń fiṣẹ́ sílẹ̀ wìtìwìtì. Lọ́dún 1913, ilé iṣẹ́ gba èèyàn tó lé ní 50,000 kí nǹkan bí 14,000 tó lè dúró. Dọ́là 5 ló dá wọn dúró, ó sì tún ayé ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe lóòótọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé nǹkan bí ìdajì owó náà ní májẹ̀mu nínú. Wọ́n ń rán èèyàn lọ sílé òṣìṣẹ́, láti wò bóyá ó ń mutí, bóyá ilé rẹ̀ mọ́, bóyá ó ń fowó pa mọ́.