Alhaja, ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláṣọ-òkè ni mí ní Ìlọrin, ní agbègbè Ọjà Ọba. Ahunṣọ mẹ́fà ló ń bá mi ṣiṣẹ́, àbúrò mi ọkùnrin ló sì ń bójú tó wọn. Tẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà máa ń wá bá wa níbí ni. Nísinsìnyí, láti Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá ni wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́ kọ́ la máa ń bá lórí òfì. Ẹlòmíràn á ní òun ti sanwó, a ò ní rántí. Aṣọ ìyàwó kan tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé Èkó láìpẹ́ yìí, ojú sì tì mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun á ta kọ̀ǹpútà àti ètò ìṣirò fún mi ní 350,000 naira, pé gbogbo wàhálà náà á tán. Ṣé kí n rà á? (Alhaja aláṣọ-òkè, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú òwò o, Alhaja. Ọlọ́run á bá wa fi àlùbáríkà sí i. Ẹ má tíì rà á. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò to ìwé àti ìṣirò wọn, mo sì mọ àwọn tí kọ̀ǹpútà ràn lọ́wọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ló ń da iṣẹ́ tiyín rú. Oníbàárà á sọ̀rọ̀ fún yín, ẹ ó sọ fún àbúrò yín, àbúrò yín á sọ fún ahunṣọ, kò sì sí ibì kan tí gbogbo yín lè jọ wò láti mọ ohun tí oníbàárà sọ gan-an. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ẹ gbé sínú yàrá kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Fóònù yín ló wà níbẹ̀, òun ni ká kọ́kọ́ fi tún un ṣe.

Ẹ ra SIM kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan, kí ẹ gbé WhatsApp Business sórí rẹ̀. WhatsApp ti àwọn oníṣòwò ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Gbogbo oníbàárà, àtijọ́ àti tuntun, nọ́ńbà yẹn ni kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ lè so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó mẹ́rin mọ́ nọ́ńbà kan náà, nítorí náà ẹ so ti àbúrò yín mọ́ ọn. Bí ẹ bá wà níbi ìnáwó, òun á dáhùn, ẹ̀yin náà á sì rí ohun tó sọ. Kìkì pé bí ẹ bá fi fóònù tó ni nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá láìlò ó, àwọn yòókù á já kúrò. Lórí WhatsApp Business yìí, ẹ tún lè fi àmì sára oníbàárà kọ̀ọ̀kan: èyí kò tíì sanwó, èyí ti san, iṣẹ́ ti èyí ti parí.

Lẹ́yìn náà, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ẹ tó ra òwú. Ká ní iṣẹ́ tó wọlé lónìí ni Iṣẹ́ 41. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà báyìí: “Iṣẹ́ 41. Ìró àti ìborùn mẹ́ta, gèlè mẹ́ta, fìlà méjì. Àwọ̀ 7 àti 12. Iye tá a jọ sọ, iye tí ẹ san, iye tó kù. Ọjọ́ tí yóò kúrò ní Ìlọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì ‘bẹ́ẹ̀ ni’ bó bá tọ̀nà.” Mo ń bọ̀ wá sọ bí àwọ̀ ṣe ń ní nọ́ńbà. Ẹ má fọwọ́ kan òwú títí oníbàárà fi fèsì. Ẹ lè tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí sínú áàpù náà, kó jẹ́ pé àmì “/” lẹ máa tẹ̀ kó tó jáde, ẹ ó kàn yí nọ́ńbà àti iye padà. Ahunṣọ tí kò mọ̀wé kà kò ní torí ìyẹn ṣì í ṣe: ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì so páálí kékeré tí wọ́n kọ 41 sí mọ́ àpò òwú rẹ̀. Bí ìjà bá dé, gbogbo yín ti mọ ibi tí ẹ ó wò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ le jù. Òun ló ń ba iṣẹ́ aláṣọ-òkè jẹ́ jù lórí fóònù, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i. Fóònù méjì kì í fi àwọ̀ kan hàn bákan náà. Iná gílóòbù máa ń mú kí funfun dà bíi pupa rúsúrúsú, WhatsApp fúnra rẹ̀ sì máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ. Nítorí náà, ojú ọ̀sán ni kí ẹ ti ya fọ́tò, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i ní tààrà. Ẹ má lo ohun tó ń mú fọ́tò dán. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, ẹ yan HD, kí fọ́tò lè mọ́ kedere. Síbẹ̀, fọ́tò nìkan kò tó. Ẹ lẹ gbogbo òwú tí ẹ máa ń lò mọ́ páálí, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe páálí kan náà fún àwọn oníbàárà ńlá yín ní Èkó àti Ìbàdàn, kí ẹ fi í rán awakọ̀ ní gáréèjì. Owó kékeré ni, ó sì sàn ju ká tú odindi aṣọ ẹbí lọ. Láti ìgbà náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín mọ́ pé “búlúù yẹn”. Nọ́ńbà ni kó máa pè.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òwú tí ẹ rà lóṣù tó kọjá àti èyí tí ẹ rà lónìí lè má dọ́gba, bí orúkọ àwọ̀ wọn tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí, ẹ ra òwú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ti ń kọ iye òwú tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi mọ iye tí ìró kan ń gbà láìfojú díwọ̀n.

Ní ti owó, ẹ ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé. Láti ìgbà tí owó bébà ti wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti fi tíráńsífà ṣe ti wọn, àwọn gbájúẹ̀ náà sì ti kọ́ ọ. Ẹ má fi fọ́tò tí oníbàárà fi ránṣẹ́ gba owó. Ẹ má sì gbára lé álẹ́ẹ̀tì SMS nìkan, nítorí ènìyàn lè fi orúkọ báǹkì yín ránṣẹ́ sí yín. Inú áàpù báǹkì yín ni kí ẹ ti wo iye owó tó wà nílẹ̀ kí aṣọ tó jáde. Ẹ ní kí oníbàárà máa kọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ síbi àlàyé tíráńsífà. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ yìí á tún gbà yín lọ́wọ́ owó-orí tí kò yẹ kí ẹ san. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026 kò gba nǹkan kan lórí 800,000 naira àkọ́kọ́ nínú ohun tó kù fún ènìyàn lọ́dún lẹ́yìn ìnáwó òwò. Àsansílẹ̀ tó wọlé kì í ṣe èrè. Owó òwú àti owó ahunṣọ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ sì ní láti lè fi hàn.

Google Sheets, ìyẹn áàpù ìwé onílà, lórí fóònù tó fún gbogbo ìwé yìí. Ẹ fi ìlà kan fún iṣẹ́ kan: nọ́ńbà, orúkọ, àwọ̀, iye, àsansílẹ̀, owó tó kù, ahunṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ ìnáwó. Bí ẹ bá ti yàn án bẹ́ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, àbúrò yín sì lè máa rí i lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun ìṣáà. Ọjọ́ ìnáwó yẹn ni kí ẹ ti máa kà bọ̀ sẹ́yìn: ọjọ́ tí ọkọ̀ máa lò, ọjọ́ tí ẹni tó ń rán aṣọ pọ̀ máa lò, kí ẹ tó dé ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ kúrò lórí òfì. Mo gbà pé aṣọ ìyàwó tó pẹ́ yẹn, ọjọ́ tí ahunṣọ parí lẹ kà, ẹ ò ka ti rírán. Ẹ jẹ́ kí fóònù rán yín létí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Bí iṣẹ́ bá wá pọ̀ ju èyí lọ, tí ẹ ní ahunṣọ ogún, ẹ pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà. Ẹ ní kó pa íntánẹ́ẹ̀tì lójú yín, kó fi iṣẹ́ kan sínú ètò rẹ̀. Ẹ bi í bóyá owó kan wà tí ẹ ó máa san lọ́dọọdún, ta ni yóò wá bó bá bàjẹ́, àti bí ẹ ó ṣe kó gbogbo ìwé yín jáde bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí kò bá lè fi èyí tó kẹ́yìn yẹn hàn yín, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Bí ẹ bá sì máa ra kọ̀ǹpútà nígbà náà, kó jẹ́ èyí tó ní bátìrì o, ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.

Lónìí gan-an, ẹ fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà sórí WhatsApp yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kó máa tọ́jú ọ̀rọ̀ sórí Google Drive, ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, ì báà fi ohùn ọmọ yín sọ̀rọ̀, ẹ má kà á. Ẹ bi báǹkì yín ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì pa bí fóònù bá sọnù, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan nílé, kó má jẹ́ inú fóònù yẹn nìkan ló wà.