Omi Kíkan Tó Ń Ru Wá sí Ọ̀fun Lóru: Ṣé Ọgbẹ́ Inú Ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín. Ẹni ọdún 46 ni mí, aṣọ ni mo ń tà lọ́jà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àyà ti ń ta mí bí ìgbà tí ata bá kan ojú ọgbẹ́, pàápàá lóru. Omi kíkan á ru wá sí mi lọ́fun, ikọ́ á sì jí mi. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa sọ pé ọgbẹ́ inú ni, ó ní n kò gbọdọ̀ fi ebi sùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ èbà yó kí n tó sùn ní aago mẹ́wàá, síbẹ̀ ńṣe ló ń le sí i. Kí ni kí n ṣe?
Oníbéèrè láti Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, ìyá wa. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ pé omi ikùn yín ló ń padà gòkè, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní acid reflux, ó sì ṣeé ṣe kí èbà aago mẹ́wàá yẹn gan-an máa dá kún un.

Omi kíkan náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ásíìdì tí ikùn ń ṣe ni, òun ló ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé, òun náà ló sì ń ran ẹran àti ẹ̀wà lọ́wọ́ láti dà nínú wa. Ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ló bo ara ikùn tí ásíìdì kì í fi í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, iṣan kan yí ẹnu ikùn ká bí òrùka: ó ń ṣí kí òkèlè lè kọjá, ó sì ń pa dé. Bí ikùn bá kún dẹ́múdẹ́mú tí a wá dùbúlẹ̀ gbalaja, omi náà lè ṣàn padà. Oyún, ọ̀rá ikùn, sìgá àti ọtí náà máa ń fà á.

Ó máa ń dùn mí pé gbogbo ohun tó bá ti ta ènìyàn nínú ni a ń sọ di ọgbẹ́ inú. Barry Marshall àti Robin Warren, ọmọ Ọsirélíà méjì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005 nítorí iṣẹ́ wọn lórí kòkòrò Helicobacter pylori tó ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Oògùn ìrora bí ibuprofen náà ń fà á. Ebi kọ́ ló ń dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹun gidi lọ́jà kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀kọ díẹ̀ panu nílé, kí wákàtí mẹ́ta ó kéré tán wà láàárín oúnjẹ àti oorun. Ẹ dẹ ìró tí ẹ fún mọ́ ikùn. Ẹ fi pákó tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí abẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì tó wà níhà orí, nítorí pé ìrọ̀rí tí a tò léra máa ń ká ènìyàn kò ní ìbàdí, á sì tún fún ikùn pọ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ní ti ata, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń yọ lẹ́nu. Ẹ ṣọ́ ohun tó ń ta yín.

Oṣù mẹ́ta ti pọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá kọ omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì ikùn kù, fún yín, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ ni ẹ óo máa lò ó. Bí ásíìdì bá ń jó ọ̀nà ọ̀fun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè dá egbò sí i, kí àpá rẹ̀ sì fún ọ̀nà náà débi tí òkèlè kò ní fẹ́ kọjá. Lára àwọn díẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Nítorí náà, bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, tàbí tí ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀ tàbí ya ìgbẹ́ dúdú, ẹ má ṣe dúró dọjọ́ kejì. Bí àyà bá sì ń dùn yín tí ìrora náà ń ràn dé apá tàbí párì, tí òógùn ń bò yín, ọkàn lè ni, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀.