Èsì: Báwo ni ara ṣe ń dá bakitéríà tí kò rí rí mọ̀?

Ẹ béèrè pé báwo ni ara ṣe ń mọ̀ pé bakitéríà ti wọlé, nígbà tí kò tíì pàdé irú rẹ̀ rí. Ara kì í dúró kọ́ ojú ọ̀tá kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra. Àmì tó wọ́pọ̀ lára bakitéríà, tí kò sí lára sẹ́ẹ̀lì tiwa, ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká mú bakitéríà kan tó ń jẹ́ E. coli. Ọ̀rá kan tó so mọ́ ṣúgà, LPS, ló bo ìta ara rẹ̀. Bí èyí bá já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, púrótéènì kan tó ń jẹ́ LBP á gbé e, á fà á lé púrótéènì mìíràn, CD14, lọ́wọ́, CD14 á sì gbé e fún MD-2, púrótéènì tó so mọ́ TLR4, ìyẹn púrótéènì tó ń ṣọ́nà lójú sẹ́ẹ̀lì wa. MD-2 ní kòtò kékeré kan tí ọ̀rá yìí ń wọ̀ sí. Bó bá ti wọ̀ ọ́, TLR4 méjì á so pọ̀, sẹ́ẹ̀lì á fi igbe ta: ibà dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á ya bo ibẹ̀. TLR5, ẹlẹgbẹ́ TLR4, ní tirẹ̀, ìrù tí bakitéríà fi ń lúwẹ̀ẹ́ ló ń dá mọ̀.

Ní 1998, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bruce Beutler àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i pé eku tí TLR4 rẹ̀ bàjẹ́ kì í mọ LPS lára rárá. Ẹ má rò pé àǹfààní nìyẹn o. Kíá ni irú eku bẹ́ẹ̀ ń kú bí bakitéríà Salmonella bá wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí igbe yẹn bá pọ̀ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí ẹ̀mí á fi wà nínú ewu.